Ọkọ̀ tí Jàm̀bá Bà Jẹ́, tí Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Ṣì Ń Ṣiṣẹ́

Ọ̀ràn kan dé bá olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, ó sì ti fún mi ní ohun tí mo ń rò láti ìgbà náà wá. Lọ́rì kan gbá ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ìwó. Orí kó o yọ. Egbò kékeré ni ó ní. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọ̀tún méjèèjì wọ inú, òpó tí ó gbé òrùlé ọkọ̀ ró tẹ̀, àwọn àpò afẹ́fẹ́ tí í gba ènìyàn sílẹ̀ sì ti bẹ́. Nígbà tí atọ́kọ̀ṣe yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi dé tí ó fẹ́ rà á. Ó ní òun yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ panẹ́bítà, wọn yóò nà án, wọn yóò dí ibi tí ó bá jìn, wọn yóò kùn ún, ojú ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Owó tí ó dá lé e dára púpọ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ méjì sì wà ní ọrùn ẹlẹgbẹ́ mi ní oṣù náà. Ó bi mí léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ṣáà ń rìn. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó wà nínú kí n tà á?”

Èmi kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Àwọn bàbá wa ti mọ̀ kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa pé ohun tí ó ṣì wúlò kò yẹ ní jíjù sọnù. Bí ìkòkò bá fọ́, àpáàdì rẹ̀ ni a fi í fọn iná láti ilé aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé a kò pe àpáàdì ní ìkòkò mọ́. Orúkọ rẹ̀ yí padà pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí obìnrin tí yóò lẹ àpáàdì pọ̀ kí ó gbé e lọ sí ọjà fún ẹni tí ó fẹ́ ra ìkòkò.

Irú orúkọ tuntun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún ọkọ̀ tí jàm̀bá bà jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ibẹ̀ ti ń pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tí a bá pè ní A, gbogbo rẹ̀ ni a ó rún. B, a lè tú ẹ̀yà tí ó dára lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ di rírún. S, egungun rẹ̀ fara pa, a sì lè tún un ṣe. N, egungun rẹ̀ kò fara pa. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ salvage ni ìjọba ìpínlẹ̀ í kọ sí ìwé ọkọ̀ náà. Ètò rere ni, ṣùgbọ́n ìwé kì í fìgbà gbogbo bá ọkọ̀ rékọjá òkun. Àjọ àyíká ti Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè kéde ní ọdún 2020 pé láti 2015 dé 2018, ọkọ̀ kéékèèké mílíọ̀nù 14 tí a ti lò ni a tà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ ní Kùtọnu tàbí ní Èkó lè má rí àmì kankan. Àwọ̀ dídán nìkan ni yóò rí.

Ohun tí àwọ̀ náà bò ni ọ̀ràn wa. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irin iwájú àti ti ẹ̀yìn ọkọ̀ òde òní kí ó lè ká kò nígbà tí nǹkan bá kọ lù ú, kí agbára ìkọlù náà tán sí ara irin, kí ó má bàa dé àyà ẹni tí ó jókòó. Béla Barényi, ẹlẹ́rọ ilé-iṣẹ́ Mercedes-Benz, ni ó gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀, ó sì hàn nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1959. Irin tí ó ti ká lẹ́ẹ̀kan, tí a fi òòlù nà padà, a kò lè fọkàn tán an mọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Àpò afẹ́fẹ́ tí ó ti bẹ́ kò ní bẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá ká a padà sí àyè rẹ̀, aṣọ lásán ni. Bí egungun ọkọ̀ bá wọ́, táyà yóò máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ yóò sì máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí alákàn. Ẹ́ńjìnnì kò mọ ọ̀kankan nínú èyí. Ó ń dún jẹ́jẹ́ ni.

Mo kọ́kọ́ rò pé bí ẹlẹgbẹ́ mi bá ti sọ òtítọ́, ọrùn rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ẹni tí ó fẹ́ rà á ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kò sí ẹ̀tàn láàárín wọn. Ẹni tí a ó tàn jẹ ni ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn rẹ̀, àti àwọn èrò tí yóò wọ̀ ọ́. Èrò kì í bi awakọ̀ léèrè ìtàn ọkọ̀ rẹ̀. Ní ayé bọ́lẹ̀kájà, pákó ni a kàn mọ́ ara lọ́rì, ìjókòó rẹ̀ le, ewu rẹ̀ kò sì kéré. Síbẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn ni ó rí pákó náà. Bọ́lẹ̀kájà kò pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ olówó ni mo ń sọ yìí, pé tálákà tí kò lè ra ọkọ̀ tuntun ń kọ́? Àtakò yìí wúwo, nítorí olùkọ́ ni èmi náà, mo sì mọ iye tí ó ń wọ àpò wa. Ṣùgbọ́n bí tálákà bá mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti fara pa, yóò ra á ní owó pọ́ọ́kú, yóò sì fi í ru iṣu láti oko. Bí a bá fi pa mọ́ fún un, yóò san owó ìkòkò lórí àpáàdì, yóò sì kó ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń sáré.

Àgbẹ̀ kan fẹ́ ẹ́ńjìnnì náà kí ó lè máa fi rin ẹ̀gẹ́. Ó ṣeé ṣe, bí a bá gbé e sí ìta tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn nínú iyàrá pípàdé. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò mọ bí a ti í dín eré ara rẹ̀ kù nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́, nítorí náà ó gba ẹni tí yóò dúró tì í. Àgbẹ̀ náà kò rí ẹni bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ni ó rà á ní ìkẹyìn, kí àwọn ọmọ lè máa tú u, kí wọ́n sì máa tò ó. Àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ra jíà, ilẹ̀kùn òsì àti iná ẹ̀yìn. Agbẹ́dẹ kó ìyókù.

Àpapọ̀ owó náà kò tó ìdajì èyí tí ọkùnrin àkọ́kọ́ fẹ́ san. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹlẹgbẹ́ mi pín owó ilé-ìwé ọmọ kejì sí kí ó tó san án tán. Ìyàwó rẹ̀ kò dùn sí i, ó sì sọ ọ́ fún mi lójú. Ó ní ọkùnrin náà yóò rí òmíràn rà. Òótọ́ ni ó sọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ni ó ti rí òmíràn.