Egungun Ìdí Ẹ́ńjìnnì

Kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó kú, ó fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan sílẹ̀ fún mi. Oníbátìrì ni, kì í mu epo. Ó ní mi ò gbọdọ̀ tà á. Lábẹ́ òfin ogún àwa Mùsùlùmí, àbúrò kì í jogún nígbà tí ọmọkùnrin òkú bá wà láyé, ẹ̀gbọ́n mi sì ní ọmọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ láṣẹ láti fi ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún, irin kékeré yẹn kò sì sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò sí ẹjọ́ lórí bó ṣe dé ọwọ́ mi. Ohun tó di ẹjọ́ ni pé mo ti pààrọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, réwáyà, ìyẹn ẹni tó ń wé wáyà ẹ̀rọ, tó tún un ṣe sì mú àwókù rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bi mí pé, "Màmá, kí ló wá kù tẹ́ ẹ ò tíì tà?"

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò lè gbọ́ irú ìbéèrè yẹn kí ọkàn mi má lọ sí Ọjọ́ Àjíǹde. Màá débẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti irin.

Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ẹ́ńjìnnì náà bọ̀. Nígbà tó padà sí Ayétòrò, ó sọ ara rẹ̀ di apẹja lórí omi Dáàmù Ọ̀yán, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari wá ṣí ní 1983. Wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta sí dáàmù yẹn, mẹ́gáwáàtì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmú iná wá. Ẹ̀gbọ́n mi á máa rẹ́rìn-ín pé ìbátan ni ẹ̀rọ tòun àti ti ìjọba: ti ìjọba, omi ló yẹ kó yí i kó fi mú iná wá, tòun, iná ló ń yí i tó fi ń ti omi sẹ́yìn. Ó ní nínú méjèèjì, tòun nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bátìrì mọ́tò, fóòtì 12, ló fi ń wà á. Kì í pariwo, ẹja kì í sá fún un.

Okùn àwọ̀n ló bà á jẹ́. Okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ á wé mọ́ ẹ̀yìn abẹ́ tó ń yí nínú omi, á máa rẹ́ síìlì jẹ díẹ̀díẹ̀, títí omi á fi rí ọ̀nà wọlé. Bí omi bá ti wọlé, ìpẹtà á gba gbogbo inú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí Ọjà Sayédèrò ní Ìlaròó, wọ́n wò ó bí ẹni wo ẹja tí kò lórúkọ. Ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, wọ́n ní kí n fún àwọn kọ́ńdẹ́mù, kí n ra òmíràn. Ìkọjá bodè ló kù. Ìjọba ti bodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, wọn ò sì ṣí ti Ìdìrókò títí di oṣù kẹrin 2022. Nígbà tí wọ́n ṣí i, mo bá àwọn oníṣòwò kan lọ sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo. Nínú ṣọ́ọ̀bù tòkunbọ̀ kan níbẹ̀ ni mo ti rí irú rẹ̀ gan-an. Ara rẹ̀ ti là, mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n àmẹ́ṣọ̀ rẹ̀, irin àárín tí wáyà kọ́pà wé mọ́, yè kooro. Ti tèmi ni òdìkejì: ara rẹ̀ dá ṣáṣá, àmẹ́ṣọ̀ ló ti jẹ kọjá àtúnṣe. Òkú méjì ni mo kó fún réwáyà pé kó fi jí ẹyọ kan dìde.

Bíárìn kò gba wàhálà rárá. Réwáyà nu ìpẹtà ojú rẹ̀, ó ka nọ́ńbà 6200, ó rán ọmọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọ̀kadà. Ibikíbi láyé tí wọ́n bá ti rọ 6200, ihò rẹ̀ á jẹ́ mìlímítà 10, òde rẹ̀ 30, nínípọn rẹ̀ 9. Ẹni tó rọ ọ́ lè má mọ Ọ̀yán láéláé.

Ti kábọ̀n tó ń gbé iná wọ àmẹ́ṣọ̀ ni mo gbádùn jù. Ọmọ iṣẹ́ kan sáré mú kábọ̀n ẹ̀rọ dírílì wá, ọ̀gá rẹ̀ sì jágbe mọ́ ọn. Ó ní iná ilé tó lágbára ni dírílì ń jẹ, kábọ̀n dúdú lásán tó fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lo fóòtì 12 máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kábọ̀n tí wọ́n po kọ́pà mọ́ ló lè gbé e, ẹ ó rí i tó pọ́n. Ó tú sítátà mọ́tò ògbólógbòó kan, ó yọ kábọ̀n rẹ̀, ó sì ń fi pépà iyanrìn ha á títí ó fi wọ ilé rẹ̀ ṣinṣin. Ẹni tó bá pe èyí ní àbùlẹ̀ ará oko kò mọ ìtàn irin yẹn. Ní 1934, ní ìlú Fargo ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ O.G. Schmidt yọ sítátà ọkọ̀ Ford Model A, ó so abẹ́ mọ́ ọn, ó sọ ọ́ di ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìpẹja. Iléeṣẹ́ Minn Kota ló tibẹ̀ yọ, orúkọ ìpínlẹ̀ méjì tó pààlà ní Fargo, Minnesota àti North Dakota, ni wọ́n sì gé pọ̀ fún un. Ará bodè bíi tiwa ni wọ́n. Àwókù mọ́tò ni irú ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a.

Ó wá ku ìbéèrè ọmọ wa. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti bi í lórí ọkọ̀ Theseus, akọni wọn, tí wọ́n ń pààrọ̀ pákó rẹ̀. Ní 1655, Thomas Hobbes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Ẹ́ńgílándì, fi kún un pé bí ẹnìkan bá ń ṣa pákó àtijọ́ jọ tó sì tún fi kan ọkọ̀, èwo ni ojúlówó? Ìbéèrè tó dùn ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ojú ń kán níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn ló bá a jìjàkadì, torí ó kan ara wọn. Ẹni tó ń tako àjíǹde á béèrè pé: bí ebi bá pa ènìyàn tó fi jẹ ẹran ara ènìyàn, tí ẹran náà di ara tirẹ̀, ta ni yóò gbé e wọ̀ lọ́jọ́ náà? Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ìlú tó wà ní Algeria òde òní, tó kú ní 430, dáhùn nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìlú Ọlọ́run pé ẹni àkọ́kọ́ ló ni ín, ẹnì kejì yá a lò ni, Ọlọ́run yóò sì wá ibòmíràn dí àlàfo tirẹ̀. Tó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, àmẹ́ṣọ̀ Àjàṣẹ́ ṣì jẹ́ ti ẹni tí mi ò mọ̀, gbèsè sì wà lọ́rùn mi.

Taftazani, àáfà ńlá tó kú ní 1390, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní ẹ̀yà ìpìlẹ̀ ni yóò jí, èyí tó wà lára ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ dé òpin; ohun tó jẹ jẹ́ àfikún lásán. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kéú tún mọ hádíìsì tó sọ pé gbogbo ara ni yóò jẹrà àyàfi eegun kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ibẹ̀ ni wọn ó ti to ènìyàn padà. Mo wá bi réwáyà pé èwo ni egungun ìdí ẹ́ńjìnnì yìí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àlàájà, mágínẹ́ẹ̀tì ni. Gbogbo ìyókù, mo lè wá a. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá fọ́, ẹ máa gbé e relé."

Ìdáhùn mẹkáníìkì gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí ọjà kò ní ló pè ní ìpìlẹ̀; bí Àjàṣẹ́ bá kó mágínẹ́ẹ̀tì dé lọ́la ńkọ́? Èmi rò pé a ń wá a níbi tí kò sí. Kí ni wọ́n ní a ó jíǹde fún? Ìṣirò iṣẹ́ ni. Ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dáhùn, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ló gbọ́dọ̀ gbà. Ìyẹn ló so ènìyàn àná mọ́ tọjọ́ náà; eegun ń tẹ̀lé e ni. Àwọn baba wa pàápàá, tí mi ò bá gba àtúnwá gbọ́ pẹ̀lú wọn, mọ nǹkan kan níbẹ̀: Babátúndé kò ní eegun baba ńlá rẹ̀ kankan nínú, síbẹ̀ ìyá tó bí i á kúnlẹ̀ kí i ní "Bàbá mi" láàárọ̀. Ẹ̀tọ́ baba ló bọ́ sí ọmọ náà lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì kò ní ìṣirò kankan. Èmi ni mo ní in. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ni wọn ó bi mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ èyí, ó sì rí ihò inú rẹ̀ kíá. "Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ni, Màmá, ẹ ra tuntun ní Ládípọ̀, kẹ́ ẹ máa pè é ní ti bàbá mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, torí ó gbọ́n. Ohun tí mo lè sọ ni pé tuntun kò ní ẹni tí yóò bá ara rẹ̀ mu. Kábọ̀n yẹn gba ìhalára torí ilé tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún un. Ilé tí bíárìn ń wọ̀ ló yan 6200, kì í ṣe èmi. Gbogbo àlejò tó wọlé, àwọn tó kù nílé ló wọ̀n wọ́n. Bí a bá pààrọ̀ wọn tán lọ́jọ́ kan, ìwọ̀n yẹn kò ní yí padà.

Ó ní òun gbọ́, àmọ́ àmẹ́ṣọ̀ bàbá òun wà lórí tábìlì réwáyà, òun rí i. Òótọ́ ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi kọ́ wáyà wíwé: wọ́n á wé e, ọ̀gá á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un wé. Ó ní òun fẹ́ rà á padà. Mi ò lòdì sí i. Ẹni tó bá ra nǹkan bàbá rẹ̀ kò ṣẹ èmi, kò sì sọ mí di ẹni tó tà á. A jọ lọ. Réwáyà ní kò sí wàhálà, òun ò ní gbowó gọbọi, àmọ́ ọmọ iṣẹ́ òun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n wé ni, kó jẹ́ kí tọ̀hún gba fúrídọ́ọ̀mù ná.