Owó Atukọ̀ Ní Ọjọ́ Tí Ìwọ̀ Bọ̀ Lófo

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó rọ òkun àti ọ̀sà fún ìlò wa, tí ó sì ń fi ẹran tútù inú wọn bọ́ wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, lẹ́yìn ìrun Alásárì, àwọn méjì gbé ẹjọ́ kan wá bá wa ní àgbàlá mọ́ṣáláṣí. Ọ̀kan jẹ́ atukọ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́ níbí, tí baba rẹ̀ fi ẹja pípa tọ́ ọ dàgbà. Ní àkókò yìí, kì í ṣe àwọ̀n nìkan ni ó fi ń jẹun. Àwọn ará Èkó tí wọ́n fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja fún ìgbádùn máa ń wá a wá. Yóò wà wọ́n dé ibi tí òbòkún àti àrọ̀ ń gbé, yóò fi ìjẹ sí ìwọ̀ fún wọn, yóò sì kọ́ wọn bí a ti ń ju okùn. Ìkejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, Mùsùlùmí bíi tiwa. Àdéhùn wọn jẹ́ ₦60,000. Ó san ìdajì kí wọ́n tó kúrò ní èbúté, ó ní òun yóò san ìyókù bí wọ́n bá padà dé. Láti ẹ̀yìn ìrun Àsùbáà títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wà lórí omi. Wọn kò rí ẹja kan mú, kódà kí ó jẹ́ ọmọ èpìyà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Bàbá, ẹja ni mo bá yín lọ wá. Ẹ ò fún mi ní ẹja. Kí ni mo tún fẹ́ sanwó lé lórí?” Atukọ̀ kọjú sí wa, ó ní, “Àáfà, ẹ bá mi bi í, ṣé ẹja ni ó máa san owó epo tí mo jó?”

A kò tètè dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti fi yé wa pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ènìyàn mẹ́ta kan ṣẹjọ́ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí ó gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, tí ó jẹ àǹfààní iṣẹ́ náà tán, tí kò sì san owó rẹ̀. Bákan náà ni ó sì jẹ́ èèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ láti gba owó tí kò tọ́ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí fẹ́ gbé ohun ẹlòmíràn lọ sílé láìmọ̀.

Ọ̀nà méjì ni Sharia fi ń wo owó iṣẹ́. Èkíní ni ijaarah, níbi tí a ti ń san owó fún iṣẹ́ àti àkókò. Súrà Al-Qasas, aaya 27, sọ bí àgbàlagbà Madyan ṣe gba Ànábì Mùsá síṣẹ́: ọdún mẹ́jọ, tàbí mẹ́wàá bí ó bá wù ú. Ọdún ni wọ́n kà. Wọn kò ka iye ọmọ tí àgùntàn bí. Èkejì ni ju'aalah, èyí tí ó wà nínú Súrà Yuusuf, aaya 72, nígbà tí wọ́n kéde pé ẹni tí ó bá mú ife ọba wá yóò gba ẹrù ràkúnmí kan. Ẹni tí ó bá wá a títí tí kò rí i, kò ní ohun kan láti gbà, kò sì ní ẹni tí yóò bá jà. Bí ewúrẹ́ wa bá sọnù, tí a sọ pé ẹni tí ó bá rí i yóò gba ₦5,000, ohun tí a ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí rò pé ọ̀nà kejì ni òun wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá ti ka ìwé Risaalah ti Ibn Abi Zayd ní ilé kéú ni ó ti rí i pé, ní ojú ọ̀nà Imaamu Maaliki tí àwọn baba wa ń tọ̀, a kì í dá àkókò fún ju'aalah. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti mọ̀. Bí a bá sọ pé “rí i kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o kò ní gba nǹkan kan”, ó lè kù díẹ̀ kí ó rí i nígbà tí ilẹ̀ ṣú, gbogbo làálàá rẹ̀ á sì ṣòfò. Àwọn onímọ̀ ọ̀nà yìí tún wò ó bóyá ẹni tí ó ni iṣẹ́ ti jẹ àǹfààní kankan kí iṣẹ́ tó parí. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ kò padà wálé kò jẹ àǹfààní ẹsẹ̀ tí a fi wá a. Ẹni tí a gbé ká ọ̀sà láti àárọ̀ di alẹ́ ńkọ́? Ó jókòó nínú ọkọ̀, wọ́n fún un ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ó kọ́ bí a ti ń ju okùn, ó fẹ́ atẹ́gùn. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún wa pé òun ya àwòrán púpọ̀. Wọ́n dá àkókò, ó sì jẹ àǹfààní. Ijaarah nìyẹn.

A bi í pé, “Bí o bá wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn láti kí ènìyàn, tí o kò bá a nílé, ṣé awakọ̀ yóò dá owó rẹ padà?” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá sì jẹ́ pé ẹja nìkan ni ó ń wá, Ọjà Olúwo kò jìnnà.

Ṣé ó lè jẹ́ pé ẹja fúnra rẹ̀ ni wọ́n rà? Rárá. Hádíìsì kan wà tí ó kọ̀ fún wa láti ra ohun tí ọ̀mùwẹ̀ yóò mú jáde kí ó tó rì sínú omi. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀wọ̀n àwọn tí wọ́n gbà á wá, ṣùgbọ́n wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ rẹ̀: ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni, tí a kò mọ iye rẹ̀, tí a kò mọ̀ bóyá yóò wá, kò ṣeé tà. Ìgbẹ̀yìn Súrà Luqman sì sọ pé ẹ̀mí kan kò mọ ohun tí yóò rí ní ọ̀la. Bí atukọ̀ kò bá lè ta ẹja inú omi, báwo ni a ṣe fẹ́ mú un sí gbèsè ẹja tí kò wá?

Ohun tí a ń sọ kò kan ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú ní agogo mẹ́sàn-án, tí wọ́n sì ń wọ́ ọkọ̀ bọ̀ wálé, iye iṣẹ́ tí ó ṣe ni owó rẹ̀. Bí ó bá so ọkọ̀ mọ́ igi, tí ó sùn, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún wá sọ ohun kan. Ó ní, “Ẹ̀yin àáfà ńkọ́? Bí ènìyàn bá sanwó àdúrà, tí ohun tí ó ń wá kò bọ́ sí i, ṣé ẹ máa ń dá owó padà?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín ní àgbàlá. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Àwọn sàhábà kan ka Fátíhà fún olórí ìlú kan tí àkekèé ta. Agbo ẹran ni wọ́n fi ṣe àdéhùn, ara rẹ̀ sì yá kí wọ́n tó gba ẹran wọn. Àwa ńkọ́? Àwọn kan nínú wa a máa ṣèlérí ọmọ, ṣèlérí ipò, wọn a gba owó ṣáájú, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀ wọn a ní kádàrá ni. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti ta ẹja inú omi. Kí Ọlọ́hun dárí jì wá.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó jẹ́ kí a yíjú sí atukọ̀. A bi í pé kí ni ó sọ fún ọmọ yìí lórí fóònù kí ó tó wá. Ó ní, “Mo sọ fún un pé kó máa bọ̀, pé ẹja ń dúró dè é.” A tún bi í pé ìgbà wo ni ó ti lọ sójú omi kẹ́yìn ṣáájú ọjọ́ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni. Òjò ńlá ti rọ̀ láti ìjẹta, àgbàrá ti da omi rú, òun náà sì bọ̀ lófo. Ó mọ̀, kò sì sọ. Bí oníṣòwò bá mọ àléébù ọjà rẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀tàn ni, bí ọjà náà tilẹ̀ jẹ́ ìrìnàjò.

A sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí ó san ₦30,000 tí ó kù, nítorí pé Ànábì wa ní kí á fún òṣìṣẹ́ ní owó rẹ̀ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ó kà á lójú wa. A kò pàṣẹ fún atukọ̀ láti dá kọ́bọ̀ padà. A kàn sọ ohun tí ìbòmọ́lẹ̀ jẹ́ níwájú Ọlọ́hun fún un. Ó yọ ₦10,000 nínú owó náà, ó fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní, “Èyí kì í ṣe owó ẹja o. Owó ohun tí mi ò sọ fún ẹ ni.”

Wọ́n ti dá ọjọ́ mìíràn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní kí a bá wọn kọ àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀, a sì ti kọ ọ́: wákàtí tí wọ́n máa lò, ẹni tí yóò ra epo, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òjò bá lé wọn wálé, àti pé ọwọ́ Ọlọ́hun ni ẹja wà.

Ọ̀rọ̀ tí a ní láti sọ nìyí. A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín.