Ta Ni Òjò Ń Bá Jà?

Oṣù Keje ni èmi àti Ìyá Ìbejì lọ sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta ní Àgbádárìgì. Òkun la fẹ́ lọ wò, ṣùgbọ́n òjò kò jẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run dá a dúró.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, àgbẹ̀ tó ń tọrọ òjò ńkọ́? Àdúrà ta ni kí Ọlọ́run gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mátíù 5:45 kọ́ wa pé àtolódodo àtaláìṣòdodo ni Baba ń rọ òjò fún. Àwọn àgbà náà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. A jẹ́ pé òjò kì í ṣe ìbáwí. Àánú tí kì í ṣe ojúsàájú ni.

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń fi àgbọn jẹ àgbàdo sísun, a sì sọ ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ kò jẹ́ ká sọ láti ọdún pípẹ́. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò dá díẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu, a rin ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sí etí òkun láyé òwò ẹrú. Tọkọtaya wà nínú wọn. Ẹnikẹ́ni ò fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọn ó ti jọ gbọ́ ìró òjò.

Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ má fi àdúrà lé òjò lọ. Ẹ tọrọ ojú tí yóò rí oore inú rẹ̀.