Jíà Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́ àti Ọ̀rọ̀ Àyànmọ́

Ọ̀pá jíà ara kẹ̀kẹ́ eré ìje àtijọ́ kò ní ibùdúró kankan. Láti àárín àwọn ọdún 1980, tí ilé-iṣẹ́ Shimano ti gbé jíà tí ń dún kẹ́kẹ́ jáde, ọ̀pá ti máa ń mọ ibi tí yóò dúró sí. Ti àtijọ́, ọwọ́ ló ń tì í, etí ló sì ń mọ̀ bóyá ṣéènì ti jókòó sórí eyín tàbí ó ṣì ń họ mọ́ èkejì.

Bí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ bá bá ọjà tòkunbọ̀ dé Sabon Gari ní Kánò, tí jíà rẹ̀ ń yọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ju ọ̀rọ̀ irin lọ. Ìjọba amúnisìn ló ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ fún àwọn tó wá láti gúúsù, lẹ́yìn tí ojú irin dé Kánò ní 1911. Onírúurú ẹlẹ́sìn ló ń gbé ibẹ̀ pọ̀. Bí nǹkan bá yíwọ́, ọ̀kan a ní kádàrá ni, èkejì a ní orí ni. Kí wá ni a ti pinnu fún ènìyàn, kí ló sì kù sọ́wọ́ rẹ̀?

Títò jíà náà la ọ̀rọ̀ yìí yéni ju ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lọ. Gírísì tó ti gan ni a kọ́kọ́ ń nù kúrò. Lẹ́yìn náà ló kan wọ́sà. Èyí tí ihò rẹ̀ kò rí róbótó gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀pá àti síkúrúù, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí síkúrúù bá ọ̀pá yí. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá fa jíà ni síkúrúù yóò máa tú, sípíríǹgì ẹ̀yìn yóò fa wáyà, jíà yóò sì le koko lójijì fún ẹni tó ń gun òkè. Àṣìṣe yìí kò kan orí oníkẹ̀kẹ́ rárá. Ẹni tó tò ó ló ni ín, kò sì yẹ kí ó fi kádàrá bojú.

Kí a tó so wáyà, síkúrúù kéékèèké méjì wà lẹ́yìn tí a gbọ́dọ̀ wò. Ọ̀kan kì í jẹ́ kí ṣéènì kọjá eyín tó kéré jù, èkejì kì í jẹ́ kó kọjá èyí tó tóbi jù kó sì wọ inú sípókù. Nígbà náà ni a ó gbé ṣéènì sórí eyín tó kéré jù, a ó ti ọ̀pá síwájú tán, a ó fa wáyà ṣinṣin, a ó sì dè é. Síkúrúù méjèèjì pààlà, wọn kò yan jíà fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a lóye àyànmọ́.

Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962, sọ ọ̀nà tí ìpín ènìyàn gbà ń wá di mẹ́ta: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Ọwọ́ ènìyàn wà nínú èkíní. Àwọn Mùsùlùmí tó tẹ̀lé onímọ̀ ẹ̀sìn al-Ash'ari gbà pé Ọlọ́run ló dá iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, síbẹ̀ ènìyàn ló gbà á ní tirẹ̀ tí yóò sì jíhìn. Èyí dín agbára ọwọ́ kù, kò mú ìjíhìn kúrò.

Ìtàn Ifá tó bá a mu jù ni ti Orísèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń fi amọ̀ mọ orí. Afùwàpẹ́ rúbọ, ó sì yan rere. Òjò ba orí amọ̀ àwọn méjì yòókù jẹ́ lọ́nà ayé. Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ Ifá Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé, àtúnṣe orí ni èrè làálàá wọn ń bá lọ. Ọmọ Ògún, òrìṣà gbogbo ẹni tó ń fi irin ṣiṣẹ́, wà lára wọn. Ìdájọ́ náà le, àmọ́ orí tó bàjẹ́ ṣì ṣeé tún ṣe, bó tilẹ̀ gbówó lórí.

Ibi tí jíà àti àyànmọ́ ti pínyà ni ààlà fúnra rẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ní síkúrú-díráfà lè yí ti kẹ̀kẹ́. Onífá ní ẹbọ àti bíbọ orí lè sún ti ènìyàn. Hádíìsì kan tí Tirmidhi gbà wá ní àdúà nìkan ló ń dá kádàrá padà. Ní ti ọjọ́ ikú, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí gbà pé kò sún rárá, nígbà tí àwọn babaláwo kan gbà pé ó ṣeé bẹ̀.