Àánú Ṣíṣe sí Ẹranko Ilé: Ìtọ́jú Ológbò Tí Ara Rẹ̀ Kò Dá

Kùtúbà Jímọ̀ láti ẹnu Igbákejì Imam

KÙTÚBÀ ÀKỌ́KỌ́

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó dá ẹranko, tí Ó sì pín arísìkí fún ohun gbogbo tí ń mí. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo àyàfi Allāhu nìkan ṣoṣo. A sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrúsìn Rẹ̀ àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa níyànjú, a sì ń gba ẹ̀yin náà níyànjú, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kì í ṣe ohun tí à ń fi hàn lórí ẹní ìkírun nìkan. Ó ń fara hàn nínú yàrá ìdáná, ní ẹ̀yìnkùlé, àti ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wa àfi Ọba tí kì í sùn. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ kan wá lónìí tí ẹlòmíràn lè kà sí ọ̀rọ̀ kékeré, èyí tí í ṣe ìtọ́jú ológbò tí ara rẹ̀ kò dá, àti bí a ti ń fún un ní oògùn.

Ìbéèrè kan ni ó fà á. Arábìnrin opó kan ní ológbò kan tí ó ti ń lé èkúté nídìí àpò àgbàdo àti ẹ̀wà rẹ̀ láti ọdún 6. Ológbò náà ṣàìsàn. Kò jẹun mọ́, imú rẹ̀ ń ṣomi, ojú rẹ̀ ń ṣe ipin. Àwọn kan ní kí ó kó o sínú àpò, kí wọ́n lọ sọ ọ́ sódò. Àwọn mìíràn ní àìsàn náà kì í ṣe lásán, wọ́n sì ń wo yàrá ìyá àgbà kan nínú ilé náà. Ọmọ rẹ̀ sì sọ pé owó tí wọn yóò ná lórí ẹranko, kí wọ́n kúkú fi ṣe sàráà fún tálákà. Arábìnrin náà béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni ẹ̀sìn sọ. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni sísọ ọ́ nù. Ẹ̀yin ará, Bukhari àti Muslim gba hádíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Abdullah ọmọ Umar nípa obìnrin kan tí ó wọ iná nítorí ológbò. Ó ti ológbò náà mọ́lé títí tí ó fi kú. Kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Ẹ fi ọkàn sí ohun tí ó ba obìnrin yìí jẹ́. A kò gbọ́ pé ó na ológbò náà, a kò gbọ́ pé ó fi ọ̀bẹ gún un. Ohun tí a gbọ́ ni pé ó gba agbára ìrànlọ́wọ́ ara ẹni lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ràn án lọ́wọ́. Ológbò tí ó ń ṣàìsàn, tí a di ẹnu àpò mọ́, kí ni ó yàtọ̀ sí èyí tí a tì mọ́lé? Ọ̀kan náà ni.

Ní ọjọ́ kan ẹ̀wẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Abu Dāwūd ti gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abdullah ọmọ Ja'far, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, wọ ọgbà ọkùnrin kan nínú àwọn Ansār. Ràkúnmí kan tí ó wà níbẹ̀ rí i, ó kérora, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ànábì fi ọwọ́ pa á lórí títí ó fi dákẹ́, ó sì béèrè ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí olówó rẹ̀ jáde wá, Ànábì kìlọ̀ fún un pé kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ẹranko tí Ọlọ́hun fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, nítorí pé ó fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n ń fi ebi pa òun, wọ́n sì ń lo òun ní àlòkú. Bí ológbò bá sìn wá fún ọdún 6, tí a wá jù ú nù ní ọjọ́ tí kò lè pa èkúté mọ́, ìwà àlòkú náà ni a hù. Àwọn baba wa sọ pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí ológbò ń ṣe, ó yẹ kí ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti àwọn tí ń sọ pé àìsàn náà kì í ṣe lásán. Ọlọ́hun fi yé wa nínú Sūratul-An'ām, āyah 38, pé àwọn ẹranko orí ilẹ̀ àti àwọn ẹyẹ jẹ́ ìjọ bí àwa náà ti jẹ́ ìjọ. Abu Hurayrah, sàhábé tí hádíìsì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù lọ, ọ̀dọ̀ ọmọ ológbò tí ó máa ń gbé kiri ni ó ti gba orúkọ tí gbogbo wa ń pè é. Kabshah, ọmọ Ka'b ọmọ Mālik, bu omi àlùwàlá fún Abu Qatādah, bàbá ọkọ rẹ̀. Ológbò kan wá láti mu nínú rẹ̀, Abu Qatādah sì tẹ ohun èlò náà sí i títí ó fi mu tẹ́rùn. Nígbà tí ó rí i pé ẹnu ń ya obìnrin náà, ó sọ fún un pé Ànábì ti fi yé wọn pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, ara àwọn tí ń wọlé tí ń jáde láàárín wa ni. Abu Dāwūd àti Tirmidhī wà lára àwọn tí ó gba èyí wá. Ẹ wo bí sàhábé yìí ti dá àlùwàlá rẹ̀ dúró kí ẹranko lè mu omi. Ṣé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni a ó wá sọ di ilé àjẹ́?

Imú tí ń ṣomi àti ojú tí ń ṣe ipin jẹ́ àìsàn tí àwọn dókítà ẹranko mọ̀ dáadáa. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fà á. Ológbò kan sì ń kó o ran ìkejì nípa sísín àti nípa jíjẹun nínú abọ́ kan náà. Kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìyá àgbà tí ń gbé yàrá kejì. Ọlọ́hun sì ti kọ àbá dídá lòdì sí ara wa fún wa nínú Sūratul-Hujurāt, āyah 12. Ẹni tí ó bá fi ikọ́ ológbò ba orúkọ arúgbó jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ọmọnìkejì ni ó gbé lọ́rùn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ìrun nìkan ń pa rẹ́. Ó gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ti owó, òun ni ó sì dà bí ẹni pé ó ní ọgbọ́n nínú jù. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú àwọn tí ó wà ní ìkáwọ́ wa, ọ̀ranyàn ni. Sàráà àtinúwá, lẹ́yìn ọ̀ranyàn ni ó ń tẹ̀lé. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn sọ pé oúnjẹ ẹranko wà lọ́rùn ẹni tí ó ni ín. Bí kò bá lágbára rẹ̀, kí ó fà á lé ẹni tí ó lágbára lọ́wọ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè nítorí ológbò, tàbí kí ọmọ ènìyàn sùn pẹ̀lú ebi. Ohun tí a sọ ni pé kí a ṣe é níwọ̀n agbára wa. A sì mọ hádíìsì ọkùnrin tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tí ó fi bàtà rẹ̀ pọn omi fún ajá tí òùngbẹ ń pa kú lọ, tí Ọlọ́hun sì dárí jì í. Àwọn sàhábé béèrè bóyá láádá wà fún wa lórí ẹranko. Èsì Ànábì ni pé ó wà lórí ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí.

Èsì tí a fún arábìnrin náà nìyí: kí ó gbé ológbò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí ọmọ rẹ̀ bá a gbé e, kí gbogbo ilé náà sì fi ìyá àgbà sílẹ̀.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú jùlọ.

KÙTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Oníwòsàn tí kò sí ìwòsàn kan lẹ́yìn tirẹ̀. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, Ànábì fi yé wa pé Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí àwọn ará oko béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí àwọn lo oògùn, ó ní kí wọ́n lò ó. Ó tún kọ́ wa pé dáadáa ṣíṣe jẹ́ ọ̀ranyàn nínú ohun gbogbo, débi pé ẹni tí yóò pa ẹran gbọ́dọ̀ pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kí ara lè tu ẹran náà. Bí a bá ní láti rọra ṣe ẹran tí à ń pa, mélòó mélòó ni èyí tí à ń wá ẹ̀mí rẹ̀? Nítorí náà, ẹ gbọ́ nǹkan wọ̀nyí, nítorí pé àánú tí kò ní ìmọ̀ lè pa ẹranko.

Èkíní: ẹ má ṣe fún ológbò ní oògùn ènìyàn láti inú àpótí oògùn ilé. Paracetamol, tí a ń lò fún orí fífọ́, májèlé ni fún un. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè yí i padà bí ti ènìyàn, oògùn náà á sì ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Hóró kan ṣoṣo tí ó jẹ́ mílígíráàmù 500 lè pa á. Aspirin àti ibuprofen náà léwu fún un. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn eégbọn tí a ṣe fún ajá, tí permethrin wà nínú rẹ̀.

Èkejì: bí ológbò bá jẹ èkúté tí ó ti jẹ májèlé, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa da epo pupa sí i lẹ́nu. Epo kì í pa májèlé. Ó sì lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa á kí májèlé tó pa á. Ẹ mú ike májèlé náà dání, kí ẹ sì sáré gbé ológbò lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko. Irú rẹ̀ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta.

Ẹ̀kẹta ni bí a ti ń fún un ní hóró oògùn. Ẹ fi aṣọ ìnura wé e, kí orí rẹ̀ nìkan yọ síta, kí ó má baà ha yín. Ẹ fi ọwọ́ kan di orí rẹ̀ mú láti òkè, kí ẹ gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì ṣí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi hóró oògùn sí ìdí ahọ́n. Ẹ pa ẹnu náà dé, kí ẹ rọra máa fọwọ́ pa á lọ́fun. Bí ó bá lá imú rẹ̀, ó ti gbé e mì. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní omi díẹ̀ tàbí oúnjẹ díẹ̀, nítorí pé àwọn oògùn kan, bí i doxycycline, máa ń há sí ọ̀nà ọ̀fun, wọn a sì bó o. Bí dókítà bá gbà pé a lè fi oògùn náà sínú ẹja, ìyẹn rọrùn jù.

Bí ó bá jẹ́ oògùn olómi, ẹ lo sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn, kí oògùn má baà gba ọ̀nà èémí.

Ẹ̀kẹrin: iye ọjọ́ tí dókítà bá dá ni kí ẹ lò ó pé. Bí ara ológbò bá yá ní ọjọ́ kejì, kì í ṣe pé àìsàn ti tán. A kì í sì í so tírà mọ́ ọn lọ́rùn dípò oògùn.

Àwọn àmì kan wà tí kò fi àyè ìdúró sílẹ̀. Akọ ológbò tí ń rúnra láti tọ̀ tí ìtọ̀ kò jáde, èyí tí ń la ẹnu mí, àti èyí tí kò fi ẹnu kan oúnjẹ ju wákàtí 24 lọ, kí a tètè gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ tọ́jú ara yín pẹ̀lú. Bí ológbò bá bu yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn nítorí àìsàn dìgbòlugi. Kí aboyún má ṣe kó ìgbẹ́ rẹ̀. Itọ́ ẹnu rẹ̀ kò ba omi àlùwàlá jẹ́, ṣùgbọ́n ìtọ̀ rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbin. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò lára aṣọ kí ẹ tó kírun.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọwọ́ Ọlọ́hun ni ìwòsàn wà. Oògùn jẹ́ okùnfà lásán. Bí ológbò bá gbádùn, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá kú, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Ẹ má ṣe jù ú sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò. Ìtọ́jú tí ẹ ṣe kò lè ṣòfò lọ́dọ̀ Ẹni tí kì í gbàgbé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa wò yín bí ẹ ti ń ṣe é. Ọmọ tí ó bá mọ bí a ti ń dìde lóru nítorí ẹranko tí kò lè sọ ibi tí ń dun òun, yóò ṣòro kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó.

Ìwọ Ọlọ́hun, Ìwọ Oníwòsàn, wo àwọn aláìsàn wa sàn. Fi àánú sí wa lọ́kàn, kí o sì ṣàánú wa. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀dá kankan tí o fi sí ìkáwọ́ wa fi ẹjọ́ wa sùn níwájú Rẹ. Dárí jì wá, dárí ji àwọn òbí wa, dárí ji gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, alààyè wọn àti òkú wọn. Āmīn.

Ẹ gbé ìrun dúró.

(Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ju ìwé yìí sílẹ̀. Orúkọ Ọlọ́hun wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fún aládùúgbò yín.)