Bàbá Tó Máa Ń To Bàtà



Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Nítorí náà, nígbà tí mọ́sáláṣí wa ní London fẹ́ mọ iye ènìyàn tí wọn yóò máa se oúnjẹ ìṣínu fún ní Ramadan tó kọjá, èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn ṣe fọ́ọ̀mù orí fóònù. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àyè 120 ni a ní, alaalẹ́ ni wọ́n ń kún. Àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá ń wá bá wa jẹ àkàrà. Inú wa ń dùn pé mọ́sáláṣí wa mọ àlejò ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 8 bi mí pé, "Dádì, bàbá tó máa ń to bàtà ńkọ́?" N kò mọ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà kò mọ̀. A wá gbọ́ pé ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́wàá tí bàbá ti wà ní ọsibítù. Fọ́ọ̀mù mi kò lè mọ̀: ẹlòmíràn ti gba àyè wọn, 120 náà ṣì pé.

Ẹ rántí obìnrin tó ń gbá mọ́sáláṣí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní Mẹ̀dínà. Ó kú, wọ́n sin ín, wọn kò sọ fún Ànábì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìrun tí Ànábì lọ kí sí i ní ibi sàréè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di ìyẹn, Ànábì fúnra rẹ̀ ló béèrè obìnrin náà. Mọ́sáláṣí yẹn kì í ṣe ibi tí èrò kò sí: àwọn aláìnílé ń sùn ní Suffah, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gba àwọn aṣojú Thaqif lálejò kí wọ́n tó gba Islam. Síbẹ̀, ó mọ̀ pé ẹnì kan kò sí.

Nígbà tí mo dábàá pé kí a máa pe ẹni tí a kò bá rí, arákùnrin kan takò mí. Ó ní ojú Ọlọ́hun la wá wá, kì í ṣe ojú ènìyàn. Ó ní ìbéèrè ló lé òun kúrò ní mọ́sáláṣí tí òun ń lọ tẹ́lẹ̀: ṣé ìwé ẹ ti jáde, ìyàwó ńkọ́? N kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí èmi náà ti sá fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Èrò mi báyìí ni pé olófòófó ló ń wá ìdí. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà ni, "a kò rí yín" ti tó o, kó sì gbé ọbẹ̀ dání bó bá lè ṣe é.

Mo lọ kí bàbá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni ta ló ń to bàtà báyìí. Mo ní ọmọ mi ni. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ìsàlẹ̀ ni kó máa to ti àwọn àgbàlagbà sí, kí wọ́n má baà máa nàgà.