Ìṣòótọ́ Tí A Fi Ẹ̀dínwó Rà
Nígbà tí àwọn baba wa bá mulẹ̀, Ilẹ̀ Ọ̀gẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí, ni ẹlẹ́rìí, májẹ̀mú náà kò sì ní gbèdéke; ṣùgbọ́n ọmọ Ìkọ̀tún tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn fóònù oṣù 24, àti ìyá rẹ̀ aláta, tó ń ra dátà ọlọ́jọ́ kan sórí ọ̀kan nínú káàdì méjì inú fóònù rẹ̀, ta nínú wọn ló jẹ ilé-iṣẹ́ ní gbèsè ìṣòótọ́? Èmi ò rí ẹnì kan. Láti 2013 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti fún wa láyè láti gbé nọ́ńbà wa lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó pa káàdì tì ni àwọn ilé-iṣẹ́ sábà máa ń fi ẹ̀bùn tù lójú. Ẹni tó dúró tì wọ́n kì í gbọ́ “ẹ kú ìdúró”. Bí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù náà bá sì sọ fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pé “mò ń lọ”, tí wọ́n fún un ní ẹ̀dínwó kó lè dúró, owó ọjà ni, bí ìgbà tí oníbàárà ìyá rẹ̀ bá kẹ́yìn sí àtẹ, tí a sì pè é padà.